Bí A Ṣe Lè Fi Owó Tí A Ń Ná Sílé Gbé Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ró ní Àkúrẹ́

Ẹni tó bá ń tún ilé ṣe ní Àkúrẹ́ kò ní láti rìn jìnnà kó tó rí ẹni tí yóò bá a ṣe ohun tó ń fẹ́. Kò sí àdúgbò tí káfíńtà kò sí. Àwọn tó ń fi pankẹ́rẹ́ hun àga wà lẹ́bàá títì. Ẹní, apẹ̀rẹ̀, ìgbálẹ̀, odó àti ọlọ kò ṣòro rí ní Ọjà Ọba àti ní Ọjà Ìsìkàn. Oǹdó, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú, kò sì ju ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí mo bá jókòó ti àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ní ìsọ̀ wọn, àròyé kan náà ni mo máa ń gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó ń yìn wọ́n pọ̀, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n lọ́wọ́, tó ń sọ ọjọ́ tó fẹ́ gba ọjà, tó ń sanwó lásìkò, tó sì ń padà wá, kò tó nǹkan.

Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ fún oníṣẹ́ kékeré níbí, ọ̀nà tí a ń gbà rajà ni mo ní lọ́kàn. Àánú kì í pẹ́ tán. Ẹni tó fi àánú ra àga tí kò dára kò ní ra èkejì, yóò sì máa fi ti àkọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé kí ló dé tó fi ń ra ti òkèèrè.

Ẹ mọ ibi tí ọjà ti wá

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ ẹni tó ṣe ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ẹní lọ́jà ni kò mọ ẹní hun. Alájàpá ni wọ́n, wọ́n sì ti gbé e wá láti ibi tó jìnnà. Ẹní tó dára jù tí mo mọ̀ ń wá láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ọjà Igbókòdá ti gba orúkọ fún ẹja àti ẹní. Ìkòkò amọ̀ a máa wá láti Èrúsú ní ilẹ̀ Àkókó, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ọwọ́ mọ ọ́n. Bó bá jẹ́ aṣọ híhun tí a lè fi ṣe ìbora tàbí aṣọ tìmùtìmù ni ẹ ń wá, ẹ bi àwọn ará Ọ̀wọ̀ léèrè, nítorí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń hun aṣọ fífẹ̀ lórí òfì tó dúró lóòró, tó yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn fi ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ rán pọ̀.

Mo mọ àwọn tó gbà pé ó yẹ kí a fo alájàpá kọjá kí owó lè dé ọwọ́ oníṣẹ́ ní tààrà. N kò bá wọn lọ pátápátá. Ẹni tó gbé ogún ẹní láti Igbókòdá dé Àkúrẹ́ ti san owó ọkọ̀, òjò ti pa á, ó sì ti sanwó fún ẹni tó hun ún kí ẹ tó fojú kan ẹní náà rárá. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ni ẹ nílò, ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè orúkọ ìlú tó ti rà á. Bó bá jẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n ni ẹ fẹ́, bóyá fún ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tàbí fún ilé ìjọsìn, ẹ ní kó mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń hun ún, kí ẹ sì fún un ní owó ìmọ̀nà tó jọjú. Ẹni tó ń hun ẹní yóò ti ẹnu yín gbọ́ irú títóbi àti àwọ̀ tí ẹ fẹ́, alájàpá náà kò sì ní pàdánù. Ẹní oníke tó kún ọjà báyìí ń dán ju ti Ìlàjẹ lọ, iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ni. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, tí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀, kò ní ṣì yín lójú.

Bẹ́ẹ̀dì, àga àti tábìlì

Ohun onígi ló ń gba owó jù nínú ilé, ibẹ̀ náà sì ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ jù láàárín oníbàárà àti oníṣẹ́. Mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Lọ́dún kan, ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ lójoojúmọ́, mo ní kí káfíńtà kan ṣe tábìlì ìjẹun oníjòkòó mẹ́fà fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé àlejò ń bọ̀. Ó ṣe é, ó sì rẹwà. Nígbà tó di oṣù Kìíní tí ọyẹ́ mú, ojú tábìlì náà là láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àlàfo tó là sílẹ̀ sì fẹ̀ débi pé owó oníwé ń bọ́ sínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ pe ọkùnrin náà ní oníjìbìtì. Ìgbà tí mo wá mọ bí igi ṣe ń ṣe ni mo rí i pé ìdajì ẹ̀bi náà jẹ́ tèmi, nítorí pé pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì jáde kò lè gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni mo sì sọ pé n kò ní dúró.

Igi tútù máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, ìsúnkì náà sì pọ̀ ní ìbú rẹ̀ ju òòró rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí pákó fífẹ̀ fi ń là, tí ilẹ̀kùn sì ń fún mọ́ férémù lákòókò òjò, tí yóò tún tú sílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ohun tí ẹ lè ṣe sí i kò ṣòro, àmọ́ ó ń fẹ́ sùúrù. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ óò nílò bẹ́ẹ̀dì nígbà Ọdún Àjíǹde, ẹ san owó pákó ṣáájú Kérésìmesì. Kí káfíńtà tò ó sábẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn kò ti ní pa á tààrà, kó máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, kó sì jẹ́ kí ọyẹ́ bá a ṣe ìyókù. Bí ẹ bá gbé pákó tó ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tútù tí wọ́n jọ tóbi bákan náà, apá yín ni yóò kọ́kọ́ sọ ìyàtọ̀ fún yín.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ irú igi tí ẹ ń sanwó fún. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gé igi gẹdú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, káfíńtà ibí sì ní àǹfààní láti ṣà nínú oríṣiríṣi. Ìrókò àti apá le, ikán kì í tètè jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n owó wọn ga. Ọ̀gánwó dára fún ohun tí ojú yóò máa wò, àfàrà àti ìdígbò sì wà ní agbedeméjì. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Inú dúróọ̀ àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni kó mọ sí. Gmelina, tí ìjọba gbìn lọ súà sí igbó ọba bíi èyí tí wọ́n ń pè ní Olúwa, tètè ń dàgbà ju àwọn tó kù lọ, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ fún àga ju bí àwọn káfíńtà àgbà ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Nínú igi tó bá ní àwọ̀, ẹ kọ apá tó funfun, èyí tó sún mọ́ èèpo, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò ti máa ń bẹ̀rẹ̀; kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa gbá ìyẹ̀fun lábẹ́ àga yín láràárọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó, ẹ má ṣe ná an bí ẹni ń ná tòmátì. Ẹ ní kó sọ iye pákó, iye ìṣó àti gọ́ọ̀mù, iye fọ́ọ̀mù àti aṣọ, iye vánísì, owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju agbára yín lọ, ẹ jọ wá ohun tí a lè dín kù lára ọjà náà: bóyá kí a fi arère ṣe ibi tó fara sin, kí dúróọ̀ mẹ́rin di méjì, tàbí kí a fi aṣọ tí kò wọ́n bò ó. Bí ẹ bá fi agídí gé owó náà láì yí ohunkóhun padà, ó ṣeé ṣe kó gbà, nítorí pé ilé ń retí rẹ̀, yóò sì wá èrè rẹ̀ níbi tí ojú yín kò tó: pákó tútù, ìṣó níbi tó yẹ kó ti gbẹ́ jọ́íǹtì, fọ́ọ̀mù tí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ kí ọdún tó yípo. Owó tí ẹ rò pé ẹ jẹ lérè ni ẹ ó fi tún un ṣe.

Ọ̀pọ̀ káfíńtà kékeré kò ní owó ìdókòwò, owó àsansílẹ̀ yín ni wọ́n fi ń ra pákó. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí owó tí Lágbájá san lónìí lè lọ sórí iṣẹ́ tí Tẹ̀mẹ̀dù ti ń bínú lé lórí láti oṣù tó kọjá. Èmi a máa pín in sí mẹ́ta. Owó ohun èlò ni mo ń kọ́kọ́ san, mo sì máa ń bá a lọ sí sọ́míìlì, tàbí kí n fi owó náà ránṣẹ́ sínú àpò ìfowópamọ́ onípákó fúnra mi. Mo ń san ìdajì owó iṣẹ́ nígbà tí mo bá ti rí férémù ní ìhòòhò, kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó tàbí kí wọ́n tó kùn ún, nítorí pé ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù lè dí àlàfo jọ́íǹtì tí kò bára mu, vánísì yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìyókù, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e délé ni mo ń san án, ọjọ́ náà gan-an, láìsí pé kó padà wá lọ́la. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ mì ín, ẹ jókòó sí i, ẹ fì síwájú, ẹ fì sẹ́yìn. Bó bá ń ké, ẹ jẹ́ kó gbé e padà.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ẹ wọn yàrá, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, bó bá sì jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ wọn ibi tí àtẹ̀gùn ti yí. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ní láti yọ fèrèsé kí kọ́bọ́ọ̀dù tó lè wọlé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fọ́ọ̀mù tí ẹ ní ni kí ẹ wọ̀n, yálà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà ni tàbí mẹ́fà sí mẹ́rin ààbọ̀, ẹ má ṣe fi ojú dá a.

Àjọ tí a fi ń ra bẹ́ẹ̀dì

Àjọ tí gbogbo wa mọ̀ lè ṣe fún káfíńtà ohun tí báńkì kò lè tètè ṣe fún un. Ká ní ìdílé mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ kan gbà láti máa dá 30,000 náírà lóṣù. 300,000 náírà ni ẹni kan yóò máa kó lóṣooṣù. Dípò kí ó kó owó náà sápò, iṣẹ́ ni yóò fi gbà lọ́wọ́ káfíńtà kan náà tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ yàn. Oníṣẹ́ tó mọ̀ pé iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá wà níwájú òun lè gba ọmọ iṣẹ́ kún ti tẹ́lẹ̀, ó lè ra pákó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sí ìdí tí yóò fi máa fi owó Lágbájá parí ti Tẹ̀mẹ̀dù.

Ohun méjì ló lè bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé owó pákó kì í dúró lójú kan; ẹni tó kó kẹ́yìn lè rí i pé owó tó ra bẹ́ẹ̀dì fún ẹni àkọ́kọ́ kò ra ju férémù lọ fún òun. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹ fi owó oṣù méjì yẹn ra pákó tí gbogbo ìdílé yóò lò, kó máa gbẹ lábẹ́ òrùlé, kí kíkó wá bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta. Àjọ náà yóò gba oṣù méjìlá dípò mẹ́wàá, pákó ẹni tó kó kẹ́yìn ni yóò sì gbẹ jù. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹni tí owó yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sọ́wọ́ káfíńtà, bó ti wù kó ṣe olóòótọ́ tó. Ẹni tí ẹgbẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ni kó di í mú, kó sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni lè béèrè láti wò.

Ọṣẹ àti ìkòkò

Eérú èèpo kòkó ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú Oǹdó. Wọ́n á jó èèpo náà, wọ́n á sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọ́n á sì fi àdín tàbí epo pupa sè é pọ̀ títí yóò fi dì. Kòkó pọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí, èèpo tí àgbẹ̀ ìbá fi sílẹ̀ sóko ló ń di ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ojúlówó rẹ̀ kì í dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, ó sábà máa ń pọ́n díẹ̀ bí ilẹ̀ ni. Ó máa ń rọ̀, ó sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà inú ike olómọrí ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ má sì ṣe rò pé ó ti bàjẹ́ nítorí pé ó rọ̀. Omi eérú máa ń ta ènìyàn lára bó bá pọ̀ jù tàbí bí ọṣẹ kò bá jinná; ẹ kọ́kọ́ fi dán ẹ̀yìn ọwọ́ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ràn ọṣẹ ìyá kan, tí ẹ sì mọ̀wé, ìrànlọ́wọ́ kan wà tó níye lórí ju rírà lọ. Ẹ bá a forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀, kó lè ṣí àpò ìfowópamọ́ lórúkọ iṣẹ́ náà, nítorí pé òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ẹ̀kọ́ ńlá kì í fẹ́ sanwó sínú àpò ẹnì kan ṣoṣo. Bó bá fẹ́ máa di ọṣẹ rẹ̀ sínú páálí fún àwọn ilé ìtajà, ọṣẹ wà lára ohun tí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ń ṣàkóso, ẹni tí yóò jókòó ka ìlànà wọn fún un ní èdè tó yé e kò sì pọ̀ láyìíká rẹ̀.

Àmù ń mú omi tutù nítorí pé omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara amọ̀ jáde, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́, tí ooru ń bá a lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ ẹni tó mọ ọ́n pé kó fi ọ̀dà kùn ún kó lè bá àwọ̀ ògiri yín mu; ọ̀dà yóò dí ihò ara rẹ̀, omi inú rẹ̀ kò sì ní tutù mọ́.

Ọjà ilé kan wà tí n kì í rà fún oúnjẹ, n ó sì sọ ọ́ bó ti rí. Àwọn kan ń yọ́ ògbólógbòó páànù àti ẹ̀yà ara mọ́tò láti fi rọ ìkòkò. Àwọn tó ṣe ìwádìí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà ti rí òjé tó ń jáde láti ara rẹ̀ sínú oúnjẹ, pàápàá bí oúnjẹ náà bá kan, òjé kò sì dára fún ọpọlọ ọmọdé. Ọ̀dọ̀ àwọn kan náà tó ń fi irin ṣiṣẹ́ ni mo ti ń ra àdògán, ohun ìkóríná àti férémù ọgbà, kí owó mi má bàa fò wọ́n.

Níbi àríyá àti ní ọ́fíìsì

Ẹ wo ohun tí a ń pín fún àlejò lóde àríyá: abọ́ ike àti ife tí a gbé wá láti òkè òkun, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í pé ọdún kan kó tó fọ́. Apẹ̀rẹ̀ kékeré, ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ òfì wé lórí, tàbí ọṣẹ dúdú nínú ike kékeré yóò wúlò fún àlejò bákan náà. Ohun tó máa ń ba irú ètò yìí jẹ́ ni pé a kì í tètè sọ. Bí ẹni tó ń hun apẹ̀rẹ̀ bá lè hun mẹ́ta lójúmọ́, ọgọ́rùn-ún apẹ̀rẹ̀ yóò gbà á ní ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, láìka ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kó rí ohun èlò rẹ̀ gé. Oṣù méjì ṣáájú ni kí ẹ ti lọ bá a.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, irú bíi FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, ní ohun kan tó lè fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń delé fún ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ kan tó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa kọ́kọ́ wo ti ilẹ̀ wa bí wọ́n bá ń rajà, kí ó sì tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ná lórí àwọn nǹkan kan, títí kan àga, tábìlì àti ohun èlò ilé, tí yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é nílé. Ẹni tó wà níbi tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ lè rán wọn létí. Àmọ́ kí ó mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ìjọba kì í tètè sanwó, káfíńtà tí kò ní ju pákó mẹ́wàá lọ kò sì lè fi oṣù mẹ́fà dúró de owó. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ ẹgbẹ́ káfíńtà tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ju ẹnì kan ṣoṣo lọ.

Lẹ́yìn tí ọjà bá ti délé

Bí ohun tí ẹ rà bá ní àbùkù, ẹni tó ṣe é ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ ọ́, kí ẹ tó sọ fún gbogbo ayé lórí fóònù. Bó bá dára, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kí ó lè máa fi han ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ní àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n ti gbé fún oníbàárà. Bí pankẹ́rẹ́ ìdí àga bá já, ẹ má ṣe ra àga tuntun. Wọ́n lè tún un hun, owó rẹ̀ kò sì ní wọ́n tó ti tuntun. Ẹ fọ ẹní ní àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn bá wà, kó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé èébu ni yóò bà á jẹ́.

Káfíńtà tí mo pè ní oníjìbìtì gbé tábìlì náà lọ, ó gbẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ibi tó là, ó sì gba owó gọ́ọ̀mù nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún tí tábìlì náà là, mo san owó pákó bẹ́ẹ̀dì fún un, mo sì ní kó má ṣe fọwọ́ kàn án títí di oṣù Kẹta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní oníbàárà tó ń sọ pé kí òun má tètè ṣe é, òun kò rí irú rẹ̀ rí.